Lẹ́yìn kápúsù ọjọ́ méje, ṣé omi orí ògì lè tún inú mi ṣe?

Àdùnní_Mọ́kọ́lá
Ẹ kú ilé o gbogbo ará. Ẹ jọ̀ọ́ mo ní ìbéèrè kan, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ara mi gbóná, orí ń fọ́ mi, mo bá yà sí kẹ́mísìtì àdúgbò wa, bàbá yẹn gún mi níka, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó ní tífọ́ọ̀dù ni, ó sì po oògùn fún mi, ọ̀kan kápúsù aláwọ̀ méjì, ìkejì funfun báyìí, ó korò ju ewúro lọ. Ọjọ́ méje ni mo fi lò ó. Ara gbígbóná lọ lóòótọ́ o, àmọ́ láti ìgbà yẹn inú mi ò gbádùn mọ́, ó ń kùn bíi jẹnẹrétọ̀, lónìí mo lè yàgbẹ́ gbuuru lẹ́ẹ̀mẹrin, lọ́la kò ní yọ rárá. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa mu omi orí ògì láràárọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ní oògùn ló pa "bakitéríà dáadáa" inú mi, kí n ra kápúsù probiotic, ìyẹn bakitéríà dáadáa tí wọ́n dì sínú kápúsù, mo wo iye tí wọ́n ń tà á, mo bá pa fóònù. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?

Nọ́ọ̀sì_Àbẹ̀kẹ́
Pẹ̀lẹ́ o Àdùnní. Ká tó dé orí ògì, dá mi lóhùn ná: ṣé ẹ̀jẹ̀ ń bá a jáde? Ṣé ara gbígbóná ti padà? Ṣé o ń rù? Tí ọ̀kan bá wà níbẹ̀, gbéra lọ sí ọsibítù lónìí, má dúró ka ohun tá à ń kọ síbí. Tí kò bá sí, á jẹ́ pé oògùn yẹn náà ló ṣeé ṣe kó dàlú inú ẹ. Bó o ṣe ṣàpèjúwe wọn yẹn, àǹtíbáyótíìkì, oògùn tó ń pa bakitéríà, ló jọ pé méjèèjì jẹ́, wọn ò sì mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sọ́tàá. Ṣó o rí ẹni tó fọ́n oògùn apakoríko sórí ebè ẹ̀fọ́? Èpò á gbẹ, tẹ̀tẹ̀ náà á gbẹ.

Ìka gígún yẹn ló tiẹ̀ ń bí mi nínú jù. Tẹ́ẹ̀sì tífọ́ọ̀dù tí wọ́n ń ṣe kiri yìí máa ń sọ pé "ó wà" fún ẹni tí kò ní in, torí ohun tó ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ lè wà níbẹ̀ láti àìsàn àtijọ́. Ó lè jẹ́ màléríà lásán ló ṣe ẹ́. A ò wá ní mọ̀ mọ́.

Bàbá_Sùúrù
Ẹ̀yin ọmọ yìí ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ yéèrè ni: bakitéríà dáadáa wo? Nígbà tá a wà nílé ìwé, tíṣà tó ń kọ́ wa ní ìmọ́tótó ní kòkòrò ni kòkòrò, ká fọwọ́, ká se omi, ká gé èékánná. Ní báyìí tá a ti fọ̀ ọ́ tán wọ́n ní ká tún padà máa bọ́ wọn. Àbí ọgbọ́n àti gbowó lọ́wọ́ wa ni?

Tíṣà_Báọ́lọ́jì
Bàbá, ẹ ò jẹ̀bi, àwọn tó ń pani la kọ́kọ́ mọ̀, àwọn tó ń bá wa gbé láìpariwo, ẹ̀yìn ni wọ́n dé. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ̀wà yó lálẹ́, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ tó bá di nǹkan bí aago méjì òru?

Ẹ má bínú o, kì í ṣe àrífín. Oríṣi ṣúgà kan wà nínú ẹ̀wà, raffinose ni wọ́n ń pè é, ó ní àbúrò tó ń jẹ́ stachyose. Ara èèyàn ò ní ohun tó lè gé e. Á gba àpòlúkù kọjá, á gba ìfun kékeré kọjá, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, àfi ìgbà tó bá dé ìfun ńlá tí àwọn bakitéríà ti ń dúró dè é bí ọmọ iléèwé tó ń dúró de sààrà. Wọ́n á jẹ ẹ́, gáàsì á sì jáde. Ariwo tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ lábẹ́ aṣọ ìbora yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni.

Gáàsì wá kọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe. Nínú jíjẹ yẹn náà ni wọ́n ti ń ṣe àwọn ásíìdì kéékèèké, ọ̀kan ń jẹ́ butyrate, òun gan-an ni oúnjẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ ara ìfun ńlá wa, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú agbára wọn. Ẹ wò ó dáadáa: oúnjẹ tí ẹ̀yin fúnra yín ò lè dà, àwọn dà á, wọ́n sì fi ìyókù san owó ilé. Wọ́n tún ń ṣe fítámì K díẹ̀. Ara ohun tó fà á tí wọ́n fi ń gún ọmọ tuntun ní abẹ́rẹ́ fítámì K nìyẹn, ìfun ọmọ ò tíì ní ayálégbé, omi ọyàn náà ò sì ní púpọ̀ nínú ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá gbọ́ táwọn èèyàn ń sọ pé bakitéríà fi ìlọ́po mẹ́wàá pọ̀ ju sẹ́ẹ̀lì ara wa lọ, ẹ má gbà á gbọ́. Ní 2016 àwọn mẹ́ta kan jókòó tún un kà, Ron Sender, Shai Fuchs àti Ron Milo, wọ́n ní nǹkan bíi trílíọ̀nù 38 ni bakitéríà tó wà lára ọkùnrin tó wọn kílò 70, sẹ́ẹ̀lì tiẹ̀ jẹ́ bíi trílíọ̀nù 30. Gbogbo bakitéríà yẹn pa pọ̀ ò ju bíi gíráàmù 200 lọ. Ó fi díẹ̀ ju agolo mílíìkì kan.

Bàbá_Sùúrù
Kíkíkí. Tíṣà, mo ka tẹ̀wà yẹn sí ìyá àwọn ọmọ létí, ó ní òun ò nílò ìwádìí kankan, òun ti ń jẹ́rìí sí i láti ọdún tá a ti fẹ́ra.

Ọgbẹ́_Inú
Ẹ má bú àǹtíbáyótíìkì kọjá ààlà o. Ọdún mẹ́rin ni ọgbẹ́ inú fi jẹ mí níyà, wọ́n ní n má jẹ ata, n má ronú, n má pẹ́ jẹun, mo ṣe gbogbo ẹ̀, pàbó. Ìgbà tí dókítà tó gbọ́nṣẹ́ yẹ̀ mí wò ló rí i pé bakitéríà kan tó ń jẹ́ Helicobacter pylori ló wà ní àpòlúkù mi, ó kọ àǹtíbáyótíìkì méjì pẹ̀lú oògùn tó ń dín ásíìdì kù, ọ̀sẹ̀ méjì, ó tán. Dókítà ará Ọsirélíà kan, Barry Marshall, ló mu kòkòrò yẹn fúnra ẹ̀ ní 1984 torí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ò gbà á gbọ́, inú dà á láàmú láàárín ọjọ́ mélòó kan, 2005 ni wọ́n tó fún òun àti Robin Warren ní ẹ̀bùn Nobel. Nítorí náà Bàbá Sùúrù, tíṣà yín ìgbà yẹn ò purọ́ tán.

Nọ́ọ̀sì_Àbẹ̀kẹ́
@Ọgbẹ́_Inú o ṣeun. Kò sẹ́ni tó bú u. Èyí tí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò kó tó kọ ọ́ fún ẹ àti èyí tí bàbá kẹ́mísìtì fọwọ́ mú láti inú agolo, ẹ ò rí i pé wọn ò jọra?

Ọmọ_Ológì
Èmi tí wọ́n bí sídìí ìkòkò ògì rè é. Kí n tó dáyé ni ìyá mi ti ń ta ògì l'Ọ́yọ̀ọ́, nítorí náà lórí ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ Àdùnní, mo lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Àgbàdo funfun la máa ń rẹ, ọjọ́ mẹ́ta. Tó o bá ṣí ìdérí ní ọjọ́ kejì, ìfóòfó ti wà lójú ẹ̀, òórùn kíkan á ta sí ẹ nímú. A kì í fi nǹkan kan sí i o, kò sí yíìsì, kò sí kẹ́míkà, ohun tó wà lára àgbàdo àti lára ìkòkò náà ló ń kan án. Àá fọ̀ ọ́, àá gbé e lọ sí ẹ̀rọ, àá wá padà wálé wá sẹ́ ẹ. Sísẹ́ yẹn ló ń pani lápá, ìyá mi á na aṣọ sẹ́nu báàfù, èmi ń da omi sí i, òun ń fọwọ́ rò ó yípo yípo, funfun ń kán sílẹ̀, títí ohun tó kù lójú aṣọ á fi dà bí ìyẹ̀fun pákó, á wúwo á sì máa rin. Òun là ń pè ní èérí. Ìyá mi á fún un gbẹ, á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn ewúrẹ́ ti tò síbẹ̀ látàárọ̀, òbúkọ dúdú kan wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí àwọn tó kù sún mọ́ ọn.

Tí ògì bá wá sílẹ̀ tán, omi tó lé sórí ẹ̀ ni omidùn. Òun ni wọ́n fi ń rẹ egbò àgbo. Àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ wa ń sọ pé inú àwọn máa ń dá. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bóyá lóòótọ́ ni àbí ọkàn wọn ló balẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Àbẹ̀kẹ́
Omidùn kì í ṣe àsán o. Bakitéríà tó ń kan ògì, ìran àwọn tó ń kan wàrà àti yógọ́ọ̀tì ni, ásíìdì tí wọ́n ń ṣe sì máa ń ni àwọn kòkòrò burúkú lára. Àwọn olùwádìí nílẹ̀ wa níbí ti da omi ògì sórí àwọn bakitéríà tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru nínú àwo láàbù, ó sì dí àwọn kan lọ́wọ́. Àmọ́ àwo láàbù ni mo wí, mi ò wí pé inú èèyàn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni omi tí wọ́n fi sẹ́ ẹ. Tó bá jẹ́ omi kànga tí ṣalánga wà nítòsí ẹ̀, ohun tó o fẹ́ fi wo ìgbẹ́ ló máa tún fa ìgbẹ́. Ọmọdé tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ORS (iyọ̀ òun ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi) àti zinc ni kẹ́ ẹ fún un, ẹ má fi omidùn rọ́pò ẹ̀, mo bẹ̀ yín.

Ohun kejì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ẹ ń mu ògì torí bakitéríà inú ẹ̀: ẹ kì í ṣe pé ẹ da omi tó ń hó lé e lórí? Gbogbo wọn ti kú kó tó dé inú abọ́.

Tíṣà_Báọ́lọ́jì
Háà. Ọmọ Ológì, ṣó o mọ ohun tó o sọ yẹn? Láti àárọ̀ ni mo ti ń ronú sí i. Èérí! Èèpo àgbàdo yẹn ni fáíbà wà, ìyẹn apá oúnjẹ tí inú wa fúnra ẹ̀ ò lè dà, fáíbà sì ni oúnjẹ bakitéríà inú ìfun ńlá. A rẹ àgbàdo, a lọ̀ ọ́, a fi gbogbo agbára wa sẹ́ ẹ, a wá gbé oúnjẹ àwọn ayálégbé wa fún òbúkọ dúdú. Àwa mu èyí tó funfun tó ń yọ̀ lọ́fun, tí ìfun kékeré ti gbà tán kó tó débì kankan.

Mi ò ní ká má mu ògì o. Aláìsàn tí ẹnu ẹ̀ ò gba nǹkan, kí ló tún dà bí ẹ̀kọ? Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ògì láàárọ̀, búrẹ́dì funfun lọ́sàn-án, ìrẹsì lálẹ́, kò sí ohun tó ń dé ìsàlẹ̀.

Ìwádìí kan wà tí wọ́n gbé jáde ní 2015, Stephen O'Keefe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀. Wọ́n mú adúláwọ̀ Amẹ́ríkà 20 láti Pittsburgh àti èèyàn 20 láti abúlé ní South Africa, wọ́n pààrọ̀ oúnjẹ fún wọn, ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn ará Amẹ́ríkà jẹ ẹ̀wà, àgbàdo, ẹ̀fọ́, ọ̀rá díẹ̀. Àwọn ará abúlé jẹ bọ́gà àti ànàmọ́ díndín. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì yẹn lọ, butyrate lọ sókè nínú ìfun àwọn ti Amẹ́ríkà, wíwú ara ìfun wọn lọ sílẹ̀, àwọn àmì tí dókítà ń wò fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá dára sí i. Tàwọn ará abúlé yí padà sí burúkú. Ọ̀sẹ̀ méjì o! Ó dùn mọ́ mi, ó sì tún bà mí lẹ́rù, torí oúnjẹ tí wọ́n fún àwọn ará abúlé yẹn, òun làwọn ọmọ wa ń tò fún báyìí ní gbogbo òpópónà.

Ọmọ_Peckham
Ẹ̀gbọ́n Àdùnní tó wà ní London kì í ṣe èmi o 😂 àmọ́ èmi náà ti ra kápúsù yẹn rí, oṣù mẹ́ta, mi ò rí ìyàtọ̀ kankan. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó máa yà yín lẹ́nu: ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ń fi ìgbẹ́ ẹlòmíì wo àìsàn? Mo ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà níbí, màmá kan lára àwọn tí à ń tọ́jú lo àǹtíbáyótíìkì léraléra, bakitéríà kan tó ń jẹ́ C. diff wá gba gbogbo ìfun ẹ̀, torí àwọn tó ń dí i lọ́nà tẹ́lẹ̀ ti kú tán, tí wọ́n bá tún fún un ní àǹtíbáyótíìkì á rọlẹ̀, ọ̀sẹ̀ kejì á tún dé. Ìgbà tí wọ́n gbé ìgbẹ́ ẹni tí ara ẹ̀ le sí i nínú ló tó bọ́. Mo rò pé wọ́n ń ṣàwàdà nígbà tí wọ́n sọ fún wa.

Ọmọ_Ológì
Ẹ gbà mí o. Ìgbẹ́ wo? Báwo ni wọ́n ṣe gbé e wọlé? Mò ń jẹun lọ́wọ́ o.

Tíṣà_Báọ́lọ́jì
Kò purọ́. Ní 2013 àwọn dókítà Netherlands gbé àbájáde tiwọn jáde: nínú èèyàn 16 tí wọ́n fún ní èyí, 13 ló san lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tí wọ́n fún ní àǹtíbáyótíìkì vancomycin nìkan, 4 péré nínú 13. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n gbà láti imú lọ sí ìfun. Ní 2023 Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní kápúsù. Ọmọ Ológì, jẹun ẹ lọ. (Ẹ má dán an wò nílé o, wọ́n máa ń yẹ ẹni tó fẹ́ fúnni wò fínnífínní, ó ti kó àìsàn ran ẹlòmíì rí.)

Lórí kápúsù probiotic: ní 2018 àwọn olùwádìí ilé ìwádìí Weizmann ní Ísírẹ́lì fún àwọn kan ní àǹtíbáyótíìkì, lẹ́yìn náà wọ́n fún apá kan ní probiotic, wọ́n fi apá kan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bakitéríà àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ yára padà ju ti àwọn tó mu probiotic lọ. Àlejò tó wọlé kò jẹ́ kí onílé rí àyè. Àwọn ìwádìí míì wà tó ní ó ń dín ìgbẹ́ gbuuru kù téèyàn bá mu ún pa pọ̀ mọ́ àǹtíbáyótíìkì, nítorí náà mi ò ní pè é ní jìbìtì. Àmọ́ Àdùnní, owó tó o fẹ́ ná sí i yẹn, fi ra ẹ̀wà.

Ìyá_Tómiwá
Ọmọ oṣù méjì wà lọ́wọ́ mi, mò ń fi ọwọ́ kan tẹ̀ ẹ́, ẹ gbà mí láyè. Màmá mi ń yọ mí lẹ́nu pé kí n máa fi omi gbígbóná àti àgbo kún ọmú, pé ikùn ọmọ ò ní le bí bẹ́ẹ̀ kọ́. Kí lẹ ti rí i sí?

Nọ́ọ̀sì_Àbẹ̀kẹ́
Ọmú nìkan títí oṣù mẹ́fà, ìyá Tómiwá, omi gan-an kò sí níbẹ̀. Wàá gbádùn èyí: nínú omi ọyàn, lẹ́yìn ṣúgà ẹ̀ àti ọ̀rá, ohun tó tún pọ̀ tẹ̀ lé e ni oríṣi ṣúgà kan tí ọmọ fúnra ẹ̀ ò lè dà. Ọlọ́run ò ṣe àṣìṣe. Bakitéríà kan tó ń jẹ́ Bifidobacterium ló ni ín. Ìwọ ń fún ọmọ lọ́mú, o tún ń fún àwọn tó ń ṣọ́ ìfun ọmọ lọ́mú. Sọ fún màmá pé o ti ń fún un ní àgbo, inú ọmú ló wà.

Bàbá_Sùúrù
Èyí wọ̀ mí létí. Mo ti jáwọ́ nínú àríyànjiyàn. Ìbéèrè kan péré: irú ńkọ́? Torí irú kì í kúrò nínú ọbẹ̀ wa, ṣé òun náà ní ayálégbé?

Tíṣà_Báọ́lọ́jì
Ó ní, bàbá, Bacillus subtilis ló ń mú irú ṣe irú, òun ló fún un ní òórùn tí àwọn ará òkè òkun ń sá fún. Ìran Bacillus yìí sì máa ń ká ara ẹ̀ jọ bí ìgbín sínú ìkarahun, nítorí náà ó lè farada iná ọbẹ̀ díẹ̀. Ohun tó bá dé inú ìfun ṣe, mi ò lè fi í ṣe ìlérí. Ẹ jẹ irú yín torí ó dùn.

Ẹ̀kọ tútù tí wọ́n pọ́n séwé náà tún ní tiẹ̀ o. Tí ẹ̀kọ bá ti tutù tó dì, apá kan nínú sítáàṣì ẹ̀ á yí padà di èyí tí ìfun kékeré ò lè gé mọ́, á bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ò tíì pọ́n náà ní irú ẹ̀. Nítorí náà Ọmọ Ológì, ẹ̀kọ ìyá ẹ tó ti sùn mọ́jú gbà ju èyí tó ń gbóná lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Àdùnní_Mọ́kọ́lá
Ẹ má bínú pé mo pa yín tì, ọ̀sẹ̀ méjì rèé. Mo lọ sí ọsibítù bí àǹtí nọ́ọ̀sì ṣe wí, wọ́n yẹ ìgbẹ́ wò, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí aràn, wọ́n ní kí n fara balẹ̀ kí n má lo oògùn kankan mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀wà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, mo rẹ ẹ́ mọ́jú mo da omi ẹ̀ nù, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀kọ tútù láàárọ̀. Mo lọ ra ògì, mo ní kí obìnrin tó ń tà á fi èérí díẹ̀ sí i fún mi, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ṣé mo ń sin ewúrẹ́ ni.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mi ò ní purọ́ fún yín, afẹ́fẹ́ inú mi pọ̀ débi pé ọkọ mi gbé ìrọ̀rí ẹ̀ lọ sí pálọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ló rọlẹ̀. Ó ti di ọjọ́ márùn-ún báyìí tí mò ń lọ lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, tó sì dì dáadáa. Mi ò mọ̀ bóyá oúnjẹ ni tàbí ó kàn tó àkókò kó san. Ìyá ọkọ mi ní omi ògì òun ni, mo ní ẹ ṣé mà.

Nọ́ọ̀sì_Àbẹ̀kẹ́
Ó lè jẹ́ méjèèjì o. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀wà àti èérí, kó máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un, kó sì máa mu omi, kí ọkọ má bàa kó ẹrù. Ọkọ ẹ ti padà sí yàrá ṣá?

Àdùnní_Mọ́kọ́lá
Àná ló padà. Ó kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà ná, ó bi mí pé kí la jẹ lálẹ́.

Ọmọ_Ológì
Mo ka gbogbo ẹ̀ sí ìyá mi létí. Ó ní tí ẹ̀yin ará Ìbàdàn bá ti wá ń ra èérí, òun máa lé e lówó. Òbúkọ dúdú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tí mò ń tẹ èyí, ó ń wò mí.